A Fi Mọ̀dínátù Sẹ́nu Iṣẹ́ ní Yunifásítì

Wẹ́dà ni mí, mi ò sì tijú láti sọ ọ́. Bí ẹ bá gba Dópẹ̀mú kọjá lọ́dún tí wọ́n ṣe FESTAC, tí ẹ rí géètì tí wọ́n fi irin ṣe òdòdó sí lára, tí òdòdó náà sì jọ òdòdó, èmi Nùrẹ́nì ni mo ṣe é. Bó bá jọ ẹsẹ̀ adìyẹ, ẹ lọ bi àwọn wẹ́dà tó wà ní òdìkejì títì.

Ìgbà owó epo ni. Ẹni tó ti há mọ́ yàrá kan ní Agége láti ọjọ́ pípẹ́ wá bẹ̀rẹ̀ sí í ra ilẹ̀ ní Ẹgbẹ́dá, ní Ìgàndò, títí dé Ìjẹ̀gùn tí ọkọ̀ kì í fẹ́ dé. Àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba ti gba owó Údójì, àfikún owó oṣù tí ìjọba fún wọn, wọ́n sì ti ra fíríìjì kí iná tó dé àdúgbò wọn. Gbogbo ilé tuntun ló ń wá géètì, gbogbo fèrèsé ló ń wá irin tí olè ò ní lè gé. Iṣẹ́ pọ̀ débi pé mo ń dá oníbàárà padà. Ohun kan ṣoṣo ló ń fà mí sẹ́yìn: gáàsì ni mo fi ń jó irin, èyí tí a ń fi kábáìdì pò, ó sì ń falẹ̀. Ohun tí mo fẹ́ ni májíìnì, èyí tó ń mu dísẹ́ẹ̀lì, tó ń jó irin láìbẹ NEPA. Mo ti ń tọ́jú owó rẹ̀ díẹ̀díẹ̀, ó sì ti fẹ́rẹ̀ẹ́ pé. Mo ti lọ wò ó ní Ìdúmọ̀tà, mo fọwọ́ kàn án lára bí ọkùnrin tó ń wo àfẹ́sọ́nà.

Ìgbà yẹn gan-an ni Mọ̀dínátù, àkọ́bí mi, gba ìwé pé yunifásítì ìjọba ti mú un. Kì í ṣe ìwé kíkà lásán ló fẹ́ lọ kà níbẹ̀ o. Ìmọ̀ ẹ̀rọ ni. Ọdún márùn-ún gbáko, lẹ́yìn náà yóò jáde ní ẹnjiníà.

Inú mi dùn débi pé mo pa iná gáàsì, mo jáde sí títì, mo ń pe àwọn èèyàn. Ọmọ tó jẹ́ pé orí irin ni mo ti fi ṣọ́ọ̀kì kọ́ ọ ní ABD kó tó dé iléèwé! Bí mo bá ń wọn géètì, òun ló máa ń di ẹnu téèpù kejì mú, kò sì ní pẹ́ tí yóò sọ pé, "Bàbá, irin yìí á kù díẹ̀." Ó sì máa ń kù díẹ̀ lóòótọ́. Nígbà tí wọ́n ní obìnrin kì í ṣe Físíìsì, ó ṣe é, ó sì gba ipò kìíní. Ẹ jẹ́ kí n yangàn díẹ̀, èmi ni mo bí i.

Ẹnì kan ló kù tí mi ò tíì sọ fún, òun sì ni ọ̀rọ̀ náà wà lọ́wọ́ ẹ̀. Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin ni, Wàsílátù. Gbogbo ọmọ ìdílé wa ń pè é ní Ìyá Ìkòtún, torí pé Ìkòtún ló ti ń ta sìmẹ́ńtì. Òun ló mú mi kúrò ní Ògbómọ̀ṣọ́ wá sí Èkó. Nínú ìdílé wa, a kì í fi ọmọ sẹ́nu iṣẹ́ kankan láìjẹ́ pé ó fọwọ́ sí i. Bó bá ní kí n jókòó, mo máa ń wá àga ná kí n tó bi í pé kí ló dé.

Kí n tó lọ bá a, òun ló wá bá mi nílé ní Ẹgbẹ́dá, lẹ́yìn ìrun Àsárì lọ́jọ́ Àìkú. Báyọ̀dé wà níjòókòó pẹ̀lú mi. Mẹkáníìkì ni Báyọ̀dé, ìsọ̀ rẹ̀ ló tẹ̀ lé tèmi ní Dópẹ̀mú, òun sì ni alága gbogbo àwa oníṣẹ́ ọwọ́ ibẹ̀.

"Nùrẹ́nì," ẹ̀gbọ́n mi ní, kò tíì tú gèlè tó wé, "mo gbọ́ pé o ti ń pariwo kiri títì."

"Ayọ̀ ni, Ẹ̀gbọ́n mi."

"Ayọ̀ wo? Ṣé o mọ̀ pé mo ti bá Mọ̀dínátù wáṣẹ́ sí bánkì? Oníbàárà mi kan ni, máníjà ni, ó ń kọ́lé sí Ìgàndò. Ó ní kí ọmọ náà wá bẹ̀rẹ̀ lóṣù tó ń bọ̀. Marina ni o! Inú ẹ́sì tó ń fẹ́ atẹ́gùn tútù ni yóò jókòó sí. Oṣù á parí, owó á wọlé. Tó bá pẹ́ díẹ̀, wọ́n á yá a lówó ra mọ́tò. Kí ló tún kù?"

Àdíját ìyàwó mi, tó ti ń bá mi yọ̀ láti àárọ̀, wá gbé omi ka iwájú ẹ̀gbọ́n mi. Ó ní, "Ọ̀rọ̀ yín ò burú o, mà."

"Ìwọ náà, Ìyá Mọ̀dí?" ni mo wí.

"Mo ní kò burú ni, mi ò ní ó dáa."

 Ìyá Ìkòtún mú ìwé yunifásítì náà lórí tábìlì, ó na án sí Mọ̀dínátù pé kó kà á síta, kó sì túmọ̀ rẹ̀. Bí ọmọ náà ṣe ń kà á ni ẹ̀gbọ́n mi ń mi orí. Gbogbo ohun tí òbí máa sanwó rẹ̀ ló tò síbẹ̀: oúnjẹ wà níbẹ̀, ibùsùn wà níbẹ̀, ìwé wà níbẹ̀, pátákó ìyàwòrán àti àwọn irinṣẹ́ rẹ̀ wà níbẹ̀, títí dórí bàtà líle tí wọ́n máa ń wọ̀ síbi ẹ̀rọ.

"Ó dáa," ó ní. "Ọdún márùn-ún tí ò ní fi gba kọ́bọ̀ kan, àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ tó wọ bánkì á ti máa kọ́lé. Ọdún márùn-ún yẹn kan náà, ìwọ bàbá rẹ̀ ni wàá máa náwó. Owó wo lo fẹ́ ná? Owó májíìnì, àbí?"

 Owó májíìnì ni. Kò sí òmíràn.

Ìgbà náà ni Mọ̀dínátù fẹ́ tún ọ̀rọ̀ ṣe. Ọmọ mi gbọ́n, ṣùgbọ́n ọjọ́ yẹn ó da epo síná. Ó kúnlẹ̀, ó ní, "Ìyá Ìkòtún, owó náà ò pọ̀ tó bẹ́ẹ̀ mà. Ìjọba ti ní a ò ní san owó ẹ̀kọ́ mọ́ ní yunifásítì. Ọ̀fẹ́ ni."

Ẹ̀gbọ́n mi gbé ife omi sílẹ̀. "Wọn ò gba owó ẹ̀kọ́?"

"Wọn ò gbà á mà."

"Hàà! Nùrẹ́nì, ṣé o gbọ́?"

Mo gbọ́, ẹ̀rù sì bà mí. Ẹni tí kò bá kọ́ṣẹ́ ọwọ́ rí lè máà mọ ohun tó ń bà wá lẹ́rù. Ọ̀gá tó bá gba owó ẹ̀kọ́ lọ́wọ́ ẹ ti wọnú àdéhùn. Dandan ni kó kọ́ ọmọ rẹ. Ọ̀gá tó bá ní kó o má san nǹkan kan, ọmọ ọ̀dọ̀ ló ń wá. Omi ni ọmọ rẹ á máa pọn, aṣọ ìyàwó ọ̀gá ni yóò máa fọ̀. Ọdún á yípo, kò ní tíì mọ orúkọ irinṣẹ́ kankan. A ti rí irú rẹ̀ ní Dópẹ̀mú kọjá sísọ. Báyọ̀dé náà ti ń mi orí.

"Ìyá Ìkòtún, yunifásítì kì í ṣe ìsọ̀," ni Mọ̀dínátù wí.

"Kí ló wá jẹ́? Ṣé wọn kì í kọ́ṣẹ́ níbẹ̀ ni?"

"Wọ́n ń kọ́ṣẹ́ mà."

"Ṣé wọn ò ní ọ̀gá ni?"

"Wọ́n ní ọ̀gá."

"Tí wọ́n bá kọ́ṣẹ́ parí, ṣé wọn kì í ṣe fírídọ́ọ̀mù ni?"

Mọ̀dínátù ronú díẹ̀. "Wọ́n ń ṣe é mà. Wọ́n máa ń wọ aṣọ dúdú kan gbàgẹ̀rẹ̀, àwọn òbí á wá, wọ́n á fún wọn ní ìwé ẹ̀rí."

"Ìsọ̀ ni, jàre," ni ẹ̀gbọ́n mi wí. Ó wá yíjú sí Báyọ̀dé. "Ẹnjiníà tí wọ́n ní yóò dà yìí, ṣé irú tìẹ ni? Nítorí gbogbo Dópẹ̀mú ló ń pè ọ́ ní ẹnjiníà, ọdún mẹ́ta péré lo sì lò lábẹ́ ọ̀gá rẹ."

Báyọ̀dé yọ fìlà, ó họ orí. Ó ní, "Mi ò mọ̀ bóyá irú tèmi ni o, mà. Ó yẹ ká bi wọ́n."

Ọ̀rọ̀ tó sọ yẹn ló là mí lójú. Mo dìde. Mo ní bó bá jẹ́ pé ìsọ̀ ni yunifásítì, ká ṣe é bí a ṣe ń ṣe ti ìsọ̀. A kì í fa ọmọ lé ọ̀gá tí a ò rí lójú lọ́wọ́. Ká dìde, àwa àgbà, ká gbé obì àti orógbó àti oyin, ká lọ bá ọ̀gá náà níbi iṣẹ́ rẹ̀. Ká bi í léèrè àwọn tó ti fún ní fírídọ́ọ̀mù, ká mọ ibi tí wọ́n wà àti ohun tí wọ́n ń jẹ. Bó bá dáhùn dáadáa, owó májíìnì á lọ, Mọ̀dínátù á lọ. Bí kò bá dáhùn dáadáa, kó wọ bánkì lóṣù tó ń bọ̀, kò sí ẹjọ́.

"Mo gbà," ni Ìyá Ìkòtún wí. "Ṣùgbọ́n èmi náà ń lọ."

Mọ̀dínátù di ẹsẹ̀ mi mú. "Bàbá, ẹ jọ̀ọ́. Wọn kì í ṣe bẹ́ẹ̀ níbẹ̀. Wọ́n á fi wá rẹ́rìn-ín, tí mo bá sì débẹ̀ tán, wọn ò ní gbàgbé."

"Kí wọ́n rẹ́rìn-ín," ni mo wí. "Èmi náà ní eyín." Inú ti ń bí mi. Bí wọ́n bá fẹ́ gba ọmọ tí mo fi ojú mi tó ń pọ́n lẹ́nu iná tọ́, ó yẹ kí wọ́n lè wò mí lójú.

Inú Píjò Báyọ̀dé la wọ̀ lọ. Ó ti fọ̀ ọ́, ó sì wọ kóòtù lórí agbádá, kóòtù tí mi ò mọ̀ pé ó ní. Ẹ̀gbọ́n mi jókòó síwájú pẹ̀lú igbá obì lórí itan. Èmi àti Mọ̀dínátù wà lẹ́yìn. Ojú fèrèsé ni ọmọ náà kọ sí títí a fi dé ìlú tí yunifásítì wà. Mo fẹ́ fọwọ́ kàn án léjìká, mi ò ṣe é.

Nígbà tí a dé ọ́fíìsì ẹ̀ka ìmọ̀ ẹ̀rọ, akọ̀wé kan tó ń tẹ̀wé, Cecilia lorúkọ rẹ̀, béèrè pé ṣé a bá ọ̀gá ṣe àdéhùn tẹ́lẹ̀. Ìyá Ìkòtún ní, "Àdéhùn la wá ṣe." Obìnrin náà wo obì, ó wo kóòtù Báyọ̀dé, ó wo Mọ̀dínátù tó ti fi ìbòrí bojú. Kò tíì mọ ohun tí yóò ṣe tí ọ̀gá fúnra rẹ̀ fi jáde.

Dókítà Akínlẹ́yẹ lorúkọ ọ̀gá náà, ará Oǹdó ni. Mo rò pé màá rí ọkùnrin oníkùn ńlá. Ọkùnrin tínínrín kan ni, ṣọ́ọ̀kì kún apá ṣẹ́ẹ̀tì rẹ̀. Mo dọ̀bálẹ̀ díẹ̀ fún un nítorí ipò rẹ̀, òun náà sì dọ̀bálẹ̀ fún ẹ̀gbọ́n mi nítorí ọjọ́ orí. Mo sọ ohun tó gbé wa wá. Mo ní ọmọ wa la fẹ́ fi sẹ́nu iṣẹ́ lọ́dọ̀ wọn, a sì wá béèrè ohun tí òbí ń béèrè.

Mo ń ṣọ́ ẹnu rẹ̀. Bó bá rẹ́rìn-ín báyìí, ó tán nìyẹn. Ó wo igbá obì náà fún ìgbà díẹ̀.

"Láti ìgbà tí mo ti wà níbí," ó ní, "ìwé làwọn òbí ń mú wá bá mi, ìwé láti ọ̀dọ̀ èèyàn ńlá. Ẹnikẹ́ni ò tíì mú obì wá rí." Ó ní kí Cecilia gbé àga wá, ó sì ti ilẹ̀kùn. Ó ní, "Ẹ bi mí."

Báyọ̀dé ló kọ́kọ́ béèrè. "Ọ̀gá, ẹnjiníà ni wọ́n ń pe èmi náà. Kí ni ọmọ yìí máa lè ṣe tí èmi ò lè ṣe?"

"Ẹ̀rọ tí ẹlòmíràn ṣe, tó bàjẹ́, lẹ ń tún ṣe," ni Dókítà wí. "Òun ni yóò ṣe ẹ̀rọ náà."

Báyọ̀dé yẹ ọ̀rọ̀ náà wò. "Kó máà ṣe é kó lágbára jù o. Kí ọmọ tèmi náà rí jẹ."

Èmi béèrè ìdí tí wọn ò fi gba owó ẹ̀kọ́. Dókítà ní wọ́n ń gbà á; ìjọba ló ń san án, owó epo ni. Ó ní òun ò mọ ìgbà tí ìjọba máa yí ohùn padà, nítorí náà ẹni tó bá fẹ́ lò ó kó tètè lò ó. Ẹ̀gbọ́n mi bi í bóyá ọmọ wa ò ní máa fọ aṣọ ìyàwó rẹ̀. "Ẹ̀yin ìyá," ó ní, "ìyàwó mi ò jẹ́ kí èmi gan-an fọwọ́ kan aṣọ rẹ̀."

Ara mi ti ń balẹ̀. Mo wá béèrè èyí tó ṣe pàtàkì. "Àwọn tí ẹ ti fún ní fírídọ́ọ̀mù, níbo ni wọ́n wà?"

Ó bẹ̀rẹ̀ sí í dárúkọ wọn bí ọ̀gá gidi ṣe ń dárúkọ ọmọ iṣẹ́ rẹ̀. Ọ̀kan wà níbi tí wọ́n ti ń fọ omi ìlú. Ọ̀kan ń la títì. Ọ̀kan wà níbi tí wọ́n ti ń fọ epo rọ̀bì, àárín àwọn òyìnbó. Ọ̀kan ti pa iṣẹ́ náà tì, ó ń ta sìmẹ́ńtì.

Ìyá Ìkòtún nà ró. "Sìmẹ́ńtì? Níbo?"

"Àpápá ni, mà."

"Ọmọ yẹn gbọ́n."

"Ó gbọ́n," ni Dókítà wí, "ó sì dùn mí. Mi ò ní purọ́ fún yín. Bí ọmọ yìí bá wọ bánkì lónìí, owó rẹ̀ lọ́dún mẹ́ta á ju owó tí mo ń gbà lọ. Èmi ò lè ṣèlérí ẹ́sì fún un. Ohun tí mo rí ni pé a ní epo, a ní owó, gbogbo ìgbà tí bọ́ọ̀tì kan bá sì tú níbi tí wọ́n ti ń fọ epo yẹn, a máa ń kọ̀wé sí òkè òkun kí wọ́n wá dè é. Bí owó yìí bá lọ tán, tí àwa fúnra wa ò tíì mọ bọ́ọ̀tì dè, kí la wá fi owó yẹn ṣe? Àwọn tó máa dè é ni mò ń kọ́."

Ọ̀rọ̀ yẹn wọ̀ mí lára. Èmi tó jẹ́ pé irin ni iṣẹ́ mi, mo mọ ohun tó ń sọ. Mo ti fẹ́ na ọwọ́ sí igbá obì. Ìgbà náà ni mo rántí pé mi ò tíì béèrè ìbéèrè kan.

"Nínú gbogbo wọn," ni mo wí, "obìnrin mélòó ni?"

Dókítà yọ awò ojú rẹ̀. "Kò tíì sí."

"Kò sí ẹyọ kan?"

"Ọ̀kan wọlé, kò parí. Àwọn ọkùnrin fi ọ̀rọ̀ lé e lọ. Bí Mọ̀dínátù bá parí, òun ni yóò jẹ́ àkọ́kọ́ ní ẹ̀ka tèmi."

Gbogbo ayọ̀ mi dà sílẹ̀. Kò sí wẹ́dà kan láyé tó máa fa ọmọ rẹ̀ lé ọ̀gá tí kò tíì fún irú ọmọ bẹ́ẹ̀ ní fírídọ́ọ̀mù rí lọ́wọ́. Owó májíìnì mi, ọdún márùn-ún ọmọ mi, kí wọ́n wá fi ọ̀rọ̀ lé e wá sílé? Mo dìde. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ Dókítà pé kò tàn wá. Mo ní, "Mọ̀dínátù, gbé igbá yẹn. Ẹ jẹ́ ká máa lọ."

Ọmọ mi ò sunkún. Ó rọra dìde, ó gbé igbá obì náà, orógbó kan já bọ́ nínú rẹ̀, ó yí lọ sábẹ́ tábìlì. Kò bẹ̀ mí. Ó ti gbà. Mi ò tíì rí ohun tó dùn mí tó bẹ́ẹ̀ rí, síbẹ̀ mi ò yí ọ̀rọ̀ mi padà.

"Jókòó, Nùrẹ́nì."

Mo wẹ̀yìn. Ẹ̀gbọ́n mi ò tíì kúrò lórí àga rẹ̀.

"Ẹ ní kò sí obìnrin kankan?" ó bi Dókítà.

"Kò sí, mà."

"Nígbà tí mo fẹ́ bẹ̀rẹ̀ sìmẹ́ńtì ní Ìkòtún," ó ní, "kò sí obìnrin kankan nínú rẹ̀. Àwọn ọkùnrin ní obìnrin ò lè gbé àpò sìmẹ́ńtì. Títí dòní, mi ò gbé àpò kan rí. Àwọn ọkùnrin yẹn ni mò ń sanwó fún kí wọ́n bá mi gbé e." Ó yíjú sí mi, ojú rẹ̀ ti yàtọ̀. "Ká ní mo gbọ́ pé ẹgbàágbèje obìnrin ló ti kọ́ ọ ni, ǹ bá ní kó lọ sí bánkì, nítorí kí ló tún fẹ́ lọ ṣe láàárín wọn? Ṣùgbọ́n bí kò bá sí ẹnì kankan, ọmọ tiwa ni wọ́n máa fi ṣe ìbẹ̀rẹ̀. Ìwọ fẹ́ gbé e lọ sílé! Ṣé orí rẹ pé?"

Mo jókòó.

"Onídùúró rẹ̀ nìyí," ẹ̀gbọ́n mi wí, ó lu àyà ara rẹ̀. "Bó bá sá kúrò lẹ́nu iṣẹ́, ẹ wá sí Ìkòtún, kí ẹ bi wọ́n ní ìyá onísìmẹ́ńtì, èmi ni kí ẹ mú. Ó ku tiyín. Ọmọ kan ṣoṣo láàárín ogunlọ́gọ̀ ọkùnrin. Ta ni onídùúró yín, pé ẹ ò ní jẹ́ kí wọ́n fojú rẹ̀ gbolẹ̀?"

"Èmi fúnra mi, mà."

"Èèyàn kì í dúró fún ara ẹ̀."

 Dókítà wo ẹnu ọ̀nà bíi pé ó fẹ́ pe Cecilia. Báyọ̀dé ló wú ikọ́, tó gbé ọwọ́ sókè bí ọmọ iléèwé.

"Èmi dúró fún Dókítà."

"Níbo lo ti mọ̀ ọ́n?" ni ẹ̀gbọ́n mi béèrè.

"Mi ò mọ̀ ọ́n rí. Ṣùgbọ́n ẹnjiníà lòun, ẹnjiníà lèmi, mi ò ní jẹ́ kó dójú ti iṣẹ́ wa. Tó bá sì fi ọmọ wa ṣeré, mo mọ bí mo ṣe máa mú mọ́tò rẹ̀ dákẹ́ lójú ọ̀nà."

Dókítà Akínlẹ́yẹ rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀, gbogbo wa náà sì rẹ́rìn-ín, àfi Ìyá Ìkòtún. Ó ń dúró de èsì. Ìgbà tí ọ̀gá náà rí i, ó dákẹ́. Ó jáde láti ẹ̀yìn tábìlì, ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja sórí sìmẹ́ńtì, tòun ti ṣọ́ọ̀kì apá rẹ̀.

"Mo gbà, mà. Ẹni tó bá fi ọ̀rọ̀ lé e, èmi ló lé."

Mo gba igbá lọ́wọ́ Mọ̀dínátù, mo gbé e fún Dókítà. Ó yẹ kí n sọ ọ̀rọ̀ tí bàbá ń sọ nírú ọjọ́ bẹ́ẹ̀, ọ̀rọ̀ tí mo ti tò sẹ́nu láti Ẹgbẹ́dá. Gbogbo rẹ̀ pòórá. "Ọmọ mi nìyí," ni mo lè sọ. "Ó mọ irin wọ̀n." Mọ̀dínátù kúnlẹ̀ síwájú ọ̀gá rẹ̀, ó wá yí padà, ó kúnlẹ̀ síwájú mi, ó gbé orí lé mi lórúnkún. Inú mi dùn kọjá ohun tí mo lè sọ. Mo kàn ń fọwọ́ pa á lórí bíi pé ọmọ ọwọ́ ṣì ni.

Bánkì mú ọmọ ẹlòmíràn. Owó tí mo tọ́jú di oúnjẹ àti ibùsùn àti pátákó ìyàwòrán, ó di bàtà líle tí àwọn tó ń tà á ò ní ìwọ̀n ẹsẹ̀ obìnrin rẹ̀, tí a fi ra ti ọ̀dọ́kùnrin. Àwọn ará òdìkejì títì ló ra irú májíìnì tí mo ti fọwọ́ kàn lára ní Ìdúmọ̀tà. Ó ń dún láti àárọ̀ di ìrọ̀lẹ́. Géètì wọn ń jáde lọ́tùn-ún lósì, òdòdó tó jọ ẹsẹ̀ adìyẹ ń kún Ẹgbẹ́dá, èmi ṣì ń po kábáìdì. Kí n tó parí ẹyọ kan, wọ́n ti parí mẹ́ta. Ó ń dùn mí, ẹ má jẹ́ kí n tàn yín. Àwọn ọjọ́ kan wà tí mo máa ń kẹ̀yìn sí títì kí n má baà rí wọn.

Lọ́jọ́ kan, oníbàárà kan láti Òkè-Odò dúró níwájú ìsọ̀ mi, ó ń wo òdìkejì, ó ń wò mí. Ó ní iṣẹ́ mi ló wu òun, ṣùgbọ́n òun ò lè dúró pẹ́ tó bẹ́ẹ̀.

"Ọ̀gá Nùrẹ́nì," ó ní, "gbogbo èèyàn ti ra májíìnì. Ìgbà wo lẹ máa ra tiyín?"

Mo gbé awò iná kúrò lójú.

"Mo ti rà á," ni mo wí. "Ó wà ní yunifásítì. Wọ́n ṣì ń tò ó lọ́wọ́ ni."